Bí Mo Ṣe Gba Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ilé Wa Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: mi ò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mi ò sì ní tọrọ rẹ̀ níbí. Ẹni tó bá ń ka ìtàn yìí kó lè rí ibi tí mo ti ronú pìwà dà, kó tètè gbé e sílẹ̀, kó má fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Ilé ẹbí ni à ń gbé ní Ìjù, lẹ́yìn Ọ̀tà. Bàbá ọkọ mi ló kọ́ ọ kó tó kú, ó ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé òkè. Èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì ń gbé ìsàlẹ̀. Bọ̀dá ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, bó ti yẹ kí ìyàwó ilé ṣe. Òun náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé, Ìyàwó ló ń pè mí. Ìyàálé mi, ìyẹn ìyàwó rẹ̀, Àǹtí ni mo ń pè é. Aránṣọ ni, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, tí ìyá mi kò lè tètè dé, Àǹtí ló wẹ ọmọ náà fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí mo máa padà dé ọ̀rọ̀ Àǹtí.

Bọ̀dá mọ kọ̀ǹpútà. Mi ò lè sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Sango ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń gbé orin àti ẹsẹ Bíbélì sára ògiri. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ẹ́ńjíníà. Bí fóònù ẹnì kan bá kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé Bọ̀dá kì í tún nǹkan ṣe fún èèyàn kó má fi okùn kan sílẹ̀ lára rẹ̀, kó lè máa fà á nígbà tó bá wù ú.

Akọ̀wé ni èmi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tẹ lẹ́tà fún ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Sango, kí wọ́n tó ti ẹ̀ka wa pa, tí wọ́n ní ká máa lọ sílé. Mo jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta, mo ń gbọ́ ariwo tírélà lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò láti àárọ̀ títí di alẹ́, mo sì ń ka àwọn ọdún mi bí ẹni ń ka ẹ̀wà. Nígbà náà ni obìnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ pè mí. Ó ní ilé iṣẹ́ kan wà ní Èkó tó ń wá àwọn tó lè máa gbọ́ ohùn èèyàn tó ń sọ Yorùbá, kí wọ́n sì máa tẹ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀, tàmì-tàmì. Inú ilé ẹni lèèyàn á ti máa ṣe é. Kọ̀ǹpútà gidi ni wọ́n fẹ́, àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kì í já. Wọ́n máa ránṣẹ́ pe àwọn tó bá yege wá fún ìdánwò, lójúkojú, lórí kọ̀ǹpútà.

Mo ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, èyí tí àpótí rẹ̀ wà lọ́tọ̀, tí skríìnì rẹ̀ náà dá dúró. Ọkọ mi ra ráútà, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó máa ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì ká inú ilé.

"Jẹ́ kí Bọ̀dá wá bá wa so ó," ọkọ mi wí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí nígbà náà.

Ọjọ́ Sátidé ló sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú báàgì irinṣẹ́ rẹ̀. Mo ti nu tábìlì, mo ti gbé gbogbo ẹrù náà kalẹ̀ bí ẹni ń dúró de dókítà.

"Ìyàwó, kúrò níbẹ̀, kí iná má lọ gbé ẹ."

Mo sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹ ṣe ń so ó, kí n lè mọ ohun tí mo máa ṣe bó bá yọ mí lẹ́nu lọ́jọ́ mìíràn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé ìwọ náà fẹ́ di Ẹ́ńjíníà ni? Ìwọ ṣáà mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án."

Ó so wáyà skríìnì mọ́ àpótí, ó tan án. Àwọn ọ̀rọ̀ jáde, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló fẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan jókòó lé wọn lórí. Mo ní kó ṣí àwòrán àwọn ọmọ mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbíkẹ́yìn mi wú bí ẹni tí eyín ń dà láàmú.

"Bọ̀dá, ó dà bíi pé ojú rẹ̀ ò gún."

"Bí tòkunbọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. Ojú ẹ á mọ́ ọn lára."

Lẹ́yìn náà ló gbé ráútà tí ọkọ mi rà, ó gbé e lọ sókè sínú yàrá tirẹ̀. Ó ní òkè ló ti máa fọ́n ká dáadáa. Ó na wáyà kan gba ojú fèrèsé wá sí ìdí kọ̀ǹpútà mi. Nígbà tó ń parí iṣẹ́, ó ní kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní orúkọ kí ráútà lè dá a mọ̀. Mo ṣì ń ronú orúkọ tí mo máa fún un nígbà tó tẹ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kà á. *Kitchen* ló kọ.

"Ibẹ̀ náà ni wàá ti máa sáré wá sídìí rẹ̀," ó wí.

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀rín tèmi yẹn ló ń dùn mí jù.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń kọ́ iṣẹ́ títẹ ohùn sórí skríìnì tó fẹ̀ yẹn. Orí ń fọ́ mi lójoojúmọ́. Mo lo oògùn orí fífọ́ títí tí ọkọ mi fi ní kí n lọ yẹ ojú mi wò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì ní àrùn tirẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé bí gbogbo nǹkan orílẹ̀-èdè yìí ṣe ń ṣe ni. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ó ní ìgbà tó máa ń lọ. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún Bọ̀dá pé mọ́tò rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tí mi ò tètè gbé oúnjẹ tí mo sè fún ọjọ́ ìbí ọmọ mi lọ fún un, ó lọ. Bí mo bá gòkè lọ, tí mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó máa ń padà kí n tó sọ̀ kalẹ̀ tán. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Ìwọ náà! Ṣé Bọ̀dá kò níṣẹ́ ni?"

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Èkó náà ránṣẹ́ pé kí n wá ṣe ìdánwò: ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, Bọ̀dá sọ̀ kalẹ̀. Àǹtí ti lọ sí Abẹ́òkúta lọ wo ìyá rẹ̀ tára rẹ̀ kò yá.

"Ìyàwó, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Sátidé. Wàá bá mi gbọ́ oúnjẹ wọn."

"Bọ̀dá, màá sè é ní Jímọ̀, màá gbé e sínú fíríìjì. Ẹ óò kàn gbé e kaná ni. Ìdánwò mi bọ́ sí aago mẹ́wàá Sátidé yẹn gan-an."

Ó wò mí. "Ó dáa, Ìyàwó," ó wí, ó sì gòkè lọ.

Mo sè é lóòótọ́: ìrẹsì, ọbẹ̀ ata, ẹran tòlótòló. Láàárọ̀ Sátidé, mo wọ búláòsì tí mo máa ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, mo kun àtíkè, mo jókòó. Aago mẹ́wàá lù, àwọn mẹ́ta yọ lójú skríìnì, ọkùnrin méjì, obìnrin kan, gbogbo wọn fẹ̀ bí àkàrà. Obìnrin náà kí mi dáadáa. Ó ní kí n sọ ara mi fún wọn. Mo sọ ọ́. Ó ní òun máa gbé ohùn kan sí i, kí n tẹ̀ lé e. Ohùn bàbá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa oko kòkó, mo sì ti tẹ ìlà mẹ́ta nígbà tó dákẹ́. Ẹnu obìnrin náà là sílẹ̀, kò pa á dé mọ́. Mo wo aago ara ògiri: mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje.

Mo sáré gun àtẹ̀gùn. Mo kan ilẹ̀kùn. Bọ̀dá jáde pẹ̀lú igi ìtayín lẹ́nu.

"Bọ̀dá, ẹ dákun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ! Wọ́n ń dán mi wò lọ́wọ́!"

"Bóyá àwọn ilé iṣẹ́ ni. Èèyàn kì í mọ̀. Fara balẹ̀, á dé."

Lẹ́yìn rẹ̀ nínú pálọ̀, ọ̀kan nínú àwọn àlejò rẹ̀ ń wo ìwàásù lórí fóònù. Mo ń gbọ́ ohùn oníwàásù náà ketekete. Kò já, kò kọ́, kò dúró.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo gbìyànjú pẹ̀lú dátà fóònù mi, ṣùgbọ́n nínú ilé wa, àfi kéèyàn jáde sójú títì kí fóònù tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí mo fi wọlé padà, wọ́n ti lọ. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n kọ lẹ́tà sí mi. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ mi dára, ṣùgbọ́n ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í já làwọn ń wá.

Mi ò sunkún. Mo wọ ilé ìdáná, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì lé etí síńkì, mo sì gba àdúrà kan tí mi ò gbà rí láti ìgbà tí mo ti mọ Ọlọ́run. Mo ní: "Olúwa, tìrẹ ni ẹ̀san. Ṣùgbọ́n má bá mi gba èyí. Fi eléyìí sílẹ̀ fún mi."

Ní Ìyànà Ìyẹ̀sí, níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń lọ tẹ ìwé, Àlàájà kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tú u, òun ló ń so ó, òun ló ń fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì fáwọn ilé ìtajà àti ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké. Mo ti máa ń rí i lórí àkàsọ̀, pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀ tó ká sẹ́yìn, tó fi eyín di ìṣó mú. Mo lọ bá a. Mo ní kó kọ́ mi, èmi á máa bá a tẹ ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀.

Ó bi mí pé, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá gan-an ni. Ṣùgbọ́n òun bi mí torí ó fẹ́ mọ̀ ni.

Mo sọ òótọ́ fún un. "Ẹnì kan ṣe mí níkà, Àlàájà. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ṣe é."

Ó ní, "Àbúrò mi, màá kọ́ ẹ níṣẹ́. Ohun tó o bá fi ṣe, ìwọ ló máa jíyìn rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kọ́ mi pé wáyà kéékèèké mẹ́jọ ló wà nínú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, àwọ̀ wọn sì ní bí wọ́n ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn. Bí ọ̀kan bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀mú fún ike kékeré mọ́ ọn lórí títí tó fi máa dún *ka*. Ó kọ́ mi pé gbogbo ohun tó bá wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní nọ́ńbà, bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà ládùúgbò, pé ráútà sì ni ẹnu géètì: kò sí ohun tó máa wọlé tàbí jáde tí kò ní gba ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ṣí ojú ewé tí wọ́n ti ń darí ráútà hàn mí.

"Ẹni tó bá ní páswọ́ọ̀dù ibí yìí ló ni ilé," ó wí. "Ó lè wo gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Ó lè ti ẹni tó bá wù ú síta. Àwọn èèyàn máa ń pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù wáìfáì, wọn á gbàgbé tibí. Èyí tí wọ́n kọ sára páálí ráútà ni wọ́n ṣì máa ń lò."

Páálí ráútà wa wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Èmi kì í da páálí nù.

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kí n tó ṣe ohun mìíràn, mo kọ́kọ́ dojú kọ skríìnì. Àlàájà ti sọ fún mi pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ojú tòkunbọ̀. Wọn ò kàn yan ìwọ̀n tó bá skríìnì náà mu ni. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń yàn án. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Skríìnì ṣókùnkùn díẹ̀, ó tún mọ́lẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi sì padà sí bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ìtẹ̀ méjì péré. Oṣù mẹ́rin tí mo fi ń gbé oògùn mì, ìtẹ̀ méjì ni, ọkùnrin yẹn sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní ojú mi á mọ́ ọn lára.

Mo wá fa páálí náà jáde. Mo tẹ ohun tí wọ́n kọ sí i. Ojú ewé ráútà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ́ńjíníà gbogbo àdúgbò kò pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí ráútà máa ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Mo rọra ń kà á lọ sísàlẹ̀. *Kitchen*, tì í síta: ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀ nípa mọ́tò. *Kitchen*, tì í síta: ọjọ́ ìbí ọmọ mi. Mo dé ọjọ́ Sátidé. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje, láti orí fóònù Bọ̀dá. Ìgbà mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀. Mo ya àwòrán wọn níkọ̀ọ̀kan.

Mo lè kígbe lọ́jọ́ náà. Mo lè fi han ọkọ mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fi hàn, wọ́n á ní kó bẹ̀ mí, á ní "Ìyàwó, má bínú", gbogbo rẹ̀ á sì parí síbẹ̀. Ohun tí mo pàdánù kò ní padà wá. Mo ti ojú ewé náà pa, mo lọ gbé omi ẹ̀bà kaná. Nírọ̀lẹ́, mo gòkè lọ kúnlẹ̀ kí Bọ̀dá bí mo ṣe máa ń ṣe. "Ìyàwó dáadáa," ó wí. Mo dúpẹ́.

Oṣù méjì ni mo fi dúró. Ẹ má rò pé ìdúró yẹn nira. Ó dùn. Mo máa ń gé ẹran lọ́wọ́ kí n ṣàdédé rántí pé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ara mi á sì yá gágá.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Bọ̀dá dúró sí ẹnu géètì lẹ́yìn ìsìn, ó ń sọ fún ọkọ mi pé ọ̀gá àgbà níbi iṣẹ́ àwọn fẹ́ fẹ̀yìn tì. Òun àti àwọn méjì mìíràn ni wọ́n yàn tí wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, kí wọ́n mú ọ̀kan rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́, tí wọ́n wà lókè òkun, ló máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá.

"Ilé ni màá ti ṣe é," ó wí. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí dára ju tọ́fíìsì lọ."

"Ọlọ́run á ṣe é," ọkọ mi wí.

"Àmín," èmi náà wí. Mo wí i tọkàntọkàn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé. Mo kọ́kọ́ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù tó ń darí ráútà. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, mo gbọ́ ohùn Bọ̀dá lókè, ó ń sọ òyìnbó pẹ̀lú ohùn tó máa ń fi gba àdúrà níwájú ìjọ. Mo gé ilá sínú abọ́. Mo ń wo aago. Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ohùn rẹ̀ ń dún dáadáa. Wọ́n sọ nǹkan kan, ó rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo nu ọwọ́ mi. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo wá orúkọ ẹ̀rọ rẹ̀ rí. Ìṣẹ́jú méje pé. Mo tẹ̀ ẹ́.

Òkè dákẹ́.

Mo padà sídìí ilá mi. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe wọ́ àga nílẹ̀. Mo gbọ́ "Hello? Hello?" Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó wọ kóòtù àti táì. Ṣòkòtò péńpé tó máa ń wọ̀ nínú ilé ló wọ̀ sísàlẹ̀.

"Ìyàwó! Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tìẹ ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Bọ̀dá."

"Tèmi ti lọ!"

Mo gbé orí sókè, mo wò ó lójú. "Bóyá àwọn ilé iṣẹ́ ni. Èèyàn kì í mọ̀. Ẹ fara balẹ̀, á dé."

Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ ibi tí mo fẹ́ kó wọ̀. Ó yí padà, ó sáré gòkè, ó ń wá bó ṣe máa wọ ojú ewé ráútà. Páswọ́ọ̀dù kọ̀ fún un. Ó tún sáré sọ̀ kalẹ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká wà ní àyà rẹ̀, ó gba géètì jáde sójú títì lọ wá dátà fóònù. Mo lọ dúró lójú fèrèsé. Ó gbé kọ̀ǹpútà lé orí tábìlì obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, pẹ̀lú kóòtù, táì, àti orúnkún rẹ̀ méjèèjì níta. Tírélà kan kọjá, ó fọn fèrè gbọọrọ. Àwọn tó ń kọjá ń kí i: "Ẹ́ńjíníà, ẹ kú iṣẹ́ o!" Mo wò ó tẹ́rùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀san kì í dùn, ẹni náà kò tíì gbẹ̀san rí.

Ẹlòmíràn ni wọ́n gbé ipò náà fún.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Bọ̀dá àti Àǹtí sọ̀ kalẹ̀ wá sí pálọ̀ wa. Bọ̀dá kò jókòó.

"Àbúrò," ó sọ fún ọkọ mi, "ìyàwó rẹ ló ba iṣẹ́ mi jẹ́. Òun ló gé nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ mi lẹ́nu."

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan," mo wí.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ọjọ́ náà. Mo wọ yàrá, mo gbé skríìnì àti àpótí kọ̀ǹpútà mi wá sórí tábìlì pálọ̀, mo so ó, mo tan án. Mo gbé àwọn àwòrán tí mo yà síbẹ̀, wọ́n tóbi, wọ́n gún, wọ́n mọ́ kedere. Mo ní kí ọkọ mi kà wọ́n sókè. Ó kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, títí kan Sátidé ìdánwò mi. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń kà. Lẹ́yìn ẹ̀kẹsàn-án, mo gbé ẹ̀kẹwàá síbẹ̀: Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje, láti orí kọ̀ǹpútà tèmi.

"Èmi ni," mo wí. "Mi ò sẹ́."

Bọ̀dá wo skríìnì, ó wo ilẹ̀. "Mo kàn ń bá a ṣeré ni," ó wí.

"Èmi náà ń bá yín ṣeré ni, Bọ̀dá."

Ọkọ mi ní kí n kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn lárààárọ̀, màá sì kúnlẹ̀ kí wọn lọ́la, ṣùgbọ́n mi ò ní kúnlẹ̀ lórí èyí. Ó bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Oúnjẹ nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀, kí ọjọ́ Àìkú yẹn tó parí, òun fúnra rẹ̀ gòkè lọ, ó tú ráútà, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa.

Ọjọ́ kejì ni Àǹtí wá, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí nílé ìdáná mi.

"Ọ̀rọ̀ ìwọ àti ọkọ mi, mi ò dá sí i," ó wí. "Mo mọ̀ ọ́n. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá rí ipò yẹn ni, a máa parí ilé tí à ń kọ́ ní Àtàn, a máa kó lọ. Mo ti wọn yàrá tí màá gbé maṣíìnì mi sí. Mo ti mọ ibi tí fèrèsé rẹ̀ máa wà." Ó yọ téèpù lọ́rùn, ó ká a mọ́ ọwọ́. "Èmi, kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Mo ti ro gbogbo rẹ̀ tán fún oṣù méjì, aago rẹ̀, páswọ́ọ̀dù rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí màá fi dá a lóhùn. Mi ò rántí Àǹtí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo kúnlẹ̀ fún òun, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n ṣe é. Ó gbé mi dìde, ó ní kò tán nínú òun, ṣùgbọ́n kí n dìde.

Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe báyìí, èmi àti Àlàájà. A ń fa wáyà sílé ìtajà, sílé ẹ̀kọ́, sílé àwọn èèyàn láti Ìyànà Ìyẹ̀sí dé inú Ọ̀tà. Bí mo bá so kọ̀ǹpútà fún obìnrin kan nílé rẹ̀, mo máa ń mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo máa ń ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ páswọ́ọ̀dù, kó má sì sọ ọ́ fún èmi pàápàá. Àwọn mìíràn máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ aṣọ lórí fóònù, mo gòkè lọ fa wáyà tirẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bọ̀dá jókòó sí pálọ̀ nígbà tí mò ń lu ògiri. "Ẹ káàsán, sà" nìkan ni mo sọ fún un. Ó ti dàgbà díẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, ó béèrè jẹ́jẹ́ bóyá ó ti wọlé.

"Ó ti wọlé, Bọ̀dá," mo wí.

Mo kó irinṣẹ́ mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo wo inú ara mi bóyá àánú rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo rí ti Àǹtí, ó pọ̀. Mo wá tirẹ̀ títí mo fi dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mi ò rí i.